Kí Ni Ooru Ń Ṣe fún Bátìrì Ọkọ̀ Háíbírìdì?

Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, tí owó lítà kan fi ibi tí kò tó 200 náírà sílẹ̀ tó sì ń lọ sí 500 kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ojú tí àwọn awakọ̀ fi ń wo háíbírìdì ti yí padà. Prius àti Camry háíbírìdì tí wọ́n ń sá fún tẹ́lẹ̀, tí wọ́n á ní “bátìrì ẹ̀ ló máa kó ẹ sí gbèsè”, ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ báyìí. Ìbéèrè kan sì wà tí kì í tán lẹ́nu wọn láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹrin: kí ló dé tí ọkọ̀ tí wọ́n ní kì í mu epo wá ń mu epo lásìkò ooru? Ṣé oòrùn ti ń ba bátìrì jẹ́ ni?

“Ooru ni” ni èsì tí ẹ máa gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rewáyà. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ó ti kó ohun mẹ́ta tó yàtọ̀ síra sínú apẹ̀rẹ̀ kan. Ooru ń ṣe ẹ́ńjìnì lóore. Ooru ń mú kí a tan AC, AC sì ń jẹ epo. Ooru sì ń sọ bátìrì di arúgbó kó tó tó àsìkò. Ẹni tí kò bá ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ á máa tọ́jú epo lọ́wọ́ kan, á sì máa ba bátìrì jẹ́ lọ́wọ́ kejì.

Àpò ìdí ọlọ́jà

Ẹ jẹ́ ká fi Prius ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni háíbírìdì àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ yanturu fún títà. Oṣù kejìlá ọdún 1997 ló jáde ní Jàpáànù. Àwọn tí a sábà máa ń rí ní títì wa ni èyí tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2004 sí 2015. Lẹ́yìn ìjókòó ẹ̀yìn nínú wọn ni bátìrì ńlá wà, èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ fólítì 201.6. Ìdì 28 ni wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn láti fi kọ́ ọ, sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà sì wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì 168 lápapọ̀.

Pẹ̀lú bí fólítì rẹ̀ ti ga tó, iná tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀. Áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ tó ń fa wáàtì 1,000 á gbé gbogbo rẹ̀ mì kí wákàtí kan ààbọ̀ tó pé. Báńkì ni táńkì epo. Bátìrì yìí ni àpò tí ìyá ọlọ́jà so mọ́ ìdí. Owó inú àpò ìdí kì í pọ̀, ṣùgbọ́n òun ni ìyá ń fi ṣe ṣéńjì látàárọ̀ dalẹ́, kò ní máa sáré lọ sí báńkì nítorí igba náírà. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, mọ́tò iná tó ń yí táyà á di jẹnẹrétọ̀. Ipá tí ì bá ti di ooru lásán lára páàdì bíréèkì á wá di iná, á sì wọ inú àpò. Bíréèkì akónájọ ni màá máa pè é. Bí ọkọ̀ bá tún fẹ́ gbéra, owó àpò yẹn náà ni yóò ná, ẹ́ńjìnì kò ní tíì jí. Ìdí nìyẹn tí Prius ọdún 2010 fi ń ṣe dáadáa nínú ìgboro ju òpópónà lọ nínú ìdánwò ìjọba Amẹ́ríkà: ó ń rin nǹkan bíi kìlómítà 21.7 lórí lítà kan nígboro, 20.4 lórí òpópónà. Ọkọ̀ tí kì í ṣe háíbírìdì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òpópónà ni tirẹ̀ ti máa ń dára.

Kọ̀ǹpútà kan ló ń ṣọ́ àpò náà. Kì í jẹ́ kó ṣófo, kì í sì í jẹ́ kó kún dé ẹnu. Láàárín nǹkan bí ìdá 40 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń mú un sí. Nítorí pé kì í kún kọjá ààlà, kì í sì í gbẹ tán, bátìrì yìí lè lo ọdún mẹ́wàá níbi tí ti fóònù kò ti ní pé mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kọ̀ǹpútà náà kò lè fi àṣẹ lé lọ, ìyẹn ooru. Gbogbo ohun tó lè ṣe ni kó tan fáànù, tàbí kó dín iye iná tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde kù.

Ẹ̀bùn tí ooru fún ẹ́ńjìnì

Ẹni tó bá ní ẹbí ní Chicago tàbí Manchester kó béèrè lọ́wọ́ wọn bí háíbírìdì wọn ti ń mu epo tó ní oṣù kìíní. Ẹ́ńjìnì tútù ò mọ epo ṣún lò. Ọ́ìlì rẹ̀ á ki, irin á máa ha irin, èéfín inú páìpù kò sì ní gbóná tó láti jẹ́ kí ohun tó ń sọ èéfín di mímọ́ ṣiṣẹ́. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà á kọ̀ kí ẹ́ńjìnì sùn. Ọkọ̀ á dúró níwájú iná pupa, ẹ́ńjìnì á ṣì máa ṣiṣẹ́, àǹfààní háíbírìdì á sì ti lọ títí omi rádíétọ̀ fi máa gbóná.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n tan ní aago méjì ọ̀sán nínú oṣù kẹta kò ní jìnnà sí ibi tó yẹ kó dé rárá, kò ní pẹ́ tí á fi sùn ní iwájú iná pupa. Atẹ́gùn gbígbóná tún fẹ́lẹ́ ju tútù lọ, ọkọ̀ tó ń sáré á là á kọjá pẹ̀lú ipá tó kéré sí i. Ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ agbára náà sọ ọ́ gbangba pé ojú ọjọ́ tó gbóná fúnra rẹ̀ lè mú kí epo pẹ́ sí i. Bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnì nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn, oṣù kẹta ni ì bá dára jù fún háíbírìdì ní Èkó, oṣù kẹjọ á sì gbẹ̀yìn. Ẹlòmíì ló wá ń jẹ epo.

Iye tí AC ń gbà

Nínú ọkọ̀ àtijọ́, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnì ló ń yí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ AC. Bí ẹ́ńjìnì bá kú, atẹ́gùn tútù parí nìyẹn. Prius ti ọdún 2004 yí èyí padà. Wọ́n fi mọ́tò iná sínú kọ́ńpúrẹ́sọ̀ náà, ó sì ń fa iná láti inú bátìrì ńlá tààrà. Ẹ́ńjìnì lè sùn kí inú ọkọ̀ ṣì tutù.

Ẹ wá fojú inú wò ó pé Camry lásán àti Prius kan jọ há sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ lórí afárá Third Mainland ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹ́ńjìnì Camry ń ṣiṣẹ́, yálà awakọ̀ tan AC tàbí kò tàn án. Epo ti ń lọ lásán tẹ́lẹ̀. AC kàn bù díẹ̀ lé e ni. Ẹ́ńjìnì Prius ti kú. Bí awakọ̀ rẹ̀ bá ṣí wíńdò tó pa AC, kò ní sun ẹ̀kán epo kan. Bó bá tan AC, kọ́ńpúrẹ́sọ̀ á máa yọ owó nínú àpò ìdí, ohunkóhun kò sì ní wọlé, torí pé ọkọ̀ kò sáré débi tí á fi tẹ bíréèkì. Àpò á lọ sílẹ̀ dé ibi tí kọ̀ǹpútà fi òté lé. Ẹ́ńjìnì á jí, á lọ yọ owó ní báńkì, á bu sínú àpò, á tún sùn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, á tún jí. Àwọn pàsẹ́ńjà máa ń rò pé ọkọ̀ náà ń ṣàìsàn.

Ní ti Camry, AC kàn fi kún owó tó ti ń lọ ni. Ní ti Prius, AC nìkan ló ni gbogbo epo tó jó lórí afárá yẹn. Iye epo tí AC gbà lára àwọn méjèèjì lè má yàtọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń jẹun rẹpẹtẹ tẹ́lẹ̀, kò lè mọ̀ ọ́n lára. Èkejì kì í jẹun, ó sì mọ̀ ọ́n lára gidi. Ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan sọ pé nínú ooru tó pọ̀ gan-an, pàápàá níbi ìrìn kúkúrú, AC lè gé ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú ìrìn tí ọkọ̀ lásán ń rìn lórí lítà kan. Wọ́n ní ìdá tó ń gé kúrò lára háíbírìdì lè pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dá wàhálà sílẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí Prius ti 2004 jáde, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wíńdò rẹ̀ sọ pé ó máa rin máìlì 60 lórí gálọ́ọ̀nù kan nígboro, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 25 lórí lítà. Àwọn tó rà á kò rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń pariwo. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n kì í tan AC rárá nínú ìdánwò tí nọ́ḿbà yẹn ti jáde, wọn kì í sì í sáré tàgbà. Láti orí àwọn ọkọ̀ ti ọdún 2008, àjọ EPA, tó ń ṣọ́ àyíká ní Amẹ́ríkà, fi ìdánwò mìíràn kún un: ọ̀kan nínú ooru ìwọ̀n 35 pẹ̀lú AC, ọ̀kan nínú òtútù, ọ̀kan pẹ̀lú eré àsápajúdé. Nígbà tí wọ́n tún Prius yẹn kan náà ṣírò pẹ̀lú ìlànà tuntun, máìlì 60 di 48. Ọkọ̀ náà kò yí padà. Ayé tí wọ́n gbé e sí ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n báyìí. Lójú tèmi, ìwọ̀n 35 yẹn ló jọ tiwa jù. Ọ̀sán oṣù kẹta ní Ìlọrin tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń kọjá bẹ́ẹ̀.

Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló ń gba iná jù. Ní ọdún 2005, àwọn oníwádìí kan láti Yunifásítì Stanford gbé àbájáde ìdánwò ọkọ̀ tí wọ́n gbé sínú oòrùn jáde, wọ́n rí i pé inú ọkọ̀ máa ń gbóná ju ìta lọ pẹ̀lú nǹkan bí ìwọ̀n 22 láàárín wákàtí kan, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ sì ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ẹ fi èyí kún ọ̀sán ìwọ̀n 33 ní Èkó, ẹ ti kọjá 50 nìyẹn. Ọkọ̀ báyìí ni AC fẹ́ sọ di tútù nígbà tí ẹ bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Bí ibi tí ẹ ń lọ kò bá ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ti san gbogbo owó ìtútù náà láìjẹ ìgbádùn rẹ̀. Ó sàn kí ẹ kọ́kọ́ ṣí wíńdò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ wa ọkọ̀ díẹ̀, kí atẹ́gùn gbé ooru inú rẹ̀ jáde lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ tó tì í kí ẹ tan AC.

Ohun tó ń lọ nínú sẹ́ẹ̀lì

Ìmọ̀ràn tí àwọn kan á fà yọ nínú ohun tí mo ti sọ ni pé kí wọ́n pa AC. Ẹ ní sùúrù, torí bátìrì kò tíì sọ tirẹ̀.

Irú bátìrì tó wà nínú àwọn Prius wọ̀nyí, níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ṣe apá kan rẹ̀. Apá kejì jẹ́ àdàlù irin tó lè gba háídírójìn mọ́ra, omi olóró tó ní pọ́tásíọ̀mù sì wà láàárín wọn. Bí iná bá ń wọlé, ìyípadà kan ń lọ lára níkẹ́ẹ̀lì. Bó bá ń jáde, ìyípadà náà ń padà sẹ́yìn. Iná kò lè kọjá nínú sẹ́ẹ̀lì láìfi ooru sílẹ̀, bí fóònù ṣe ń gbóná nígbà tí a bá ń ṣáàjì rẹ̀. Awakọ̀ tó ń tẹ tọ́tù tó tún ń tẹ bíréèkì lemọ́lemọ́ ń sọ ooru sínú bátìrì ní gbogbo ìgbà.

Nígbà tí ara níkẹ́ẹ̀lì bá wà níwọ̀n, tí kò ju ibi tí ara èèyàn ti tu, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo iná tó wọlé ló ń gbà sílẹ̀. Bó bá gbóná jù, ohun mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í bá a du iná náà. Dípò kí iná yí níkẹ́ẹ̀lì padà, á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ omi inú sẹ́ẹ̀lì, á sì máa yọ afẹ́fẹ́ ọ́síjìn. Ọ́síjìn náà á rìn lọ sí apá kejì, á bá háídírójìn pàdé, wọ́n á tún di omi, ìpàdé wọn á sì tu ooru jáde. Iná tí ọkọ̀ rò pé òun fi pamọ́ ti di ooru lásán. Ooru yẹn á tún mú kí sẹ́ẹ̀lì gbóná sí i, iná tó kù á tún máa fọ́ omi. Ooru ń bí ooru nìyẹn. Bí agbára afẹ́fẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì bá sì pọ̀ jù, ihò ààbò kan á ṣí, á tu díẹ̀ sílẹ̀. Omi tó bá bá a jáde kò ní padà wọlé mọ́. Sẹ́ẹ̀lì tó ti gbẹ á máa dènà iná, ó sì máa ń gbóná ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ohun kejì kò ní ariwo bẹ́ẹ̀. Ìdíbàjẹ́ ń lọ nínú gbogbo bátìrì, bó ti wù kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ tó: irin rẹ̀ ń jẹrà, iná tó wà nínú rẹ̀ ń jò dànù bó tilẹ̀ wà ní ìjókòó. Òfin kan wà tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà máa ń fi ṣe ìṣirò àfojúdá, pé bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lé, ìyára irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ọjọ́ orí bátìrì kò sí nínú iye ọdún nìkan. Ọkọ̀ tó lo ọdún mẹ́wàá ní Seattle àti èyí tó lò ó ní Phoenix kì í ṣe ẹgbẹ́. Ní Phoenix, láti ọjọ́ 30 oṣù kẹfà títí di ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2023, ọjọ́ 31 gbáko ni ooru ọ̀sán kò fi wá sísàlẹ̀ ìwọ̀n 43. Ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ háíbírìdì kó tọpa ìpínlẹ̀ tó ti ń gbé ní Amẹ́ríkà kó tó bi wọ́n ní iye máìlì. Èmi ò mọ ìdí tí a fi ń yẹ orí máìlì wò ju ìyẹn lọ.

Kọ̀ǹpútà rí gbogbo èyí. Nínú Prius wọ̀nyí, atọ́ka ooru mẹ́ta wà lára àwọn ìdì, òmíràn wà níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé. Bí ooru bá ti ń sún mọ́ ibi tí kò dára, kọ̀ǹpútà á fi fáànù sáré. Bí fáànù kò bá ká a, á mú ẹnu àpò náà fún. Bátìrì ò ní gbà ju díẹ̀ lọ lọ́wọ́ bíréèkì akónájọ. Páàdì bíréèkì á wá máa ṣe iṣẹ́ náà, ipá ọkọ̀ á sì di ooru lásán. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, bátìrì kò ní fi iná tó tó èyí tí wọ́n béèrè sílẹ̀. Ẹ́ńjìnì á jí ṣáájú àsìkò. Bọ́tìnì tó sọ pé EV náà á kọ̀, kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ fi iná nìkan rìn. Epo ń lọ, àmì pupa kankan kò sì tíì tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Bátìrì náà kò tíì bàjẹ́. Ó ń fi ara pamọ́ fún ooru ni.

Ibi tí bátìrì ti ń mí

Omi ló ń tu ẹ́ńjìnì lára, omi náà ló ń tu ìnfátà, tó ń yí iná bátìrì padà fún mọ́tò, lára. Omi kọ́ ló ń tu bátìrì Prius wọ̀nyí lára. Atẹ́gùn inú ọkọ̀, èyí tí ẹ̀yin àti pàsẹ́ńjà yín ń mí, lòun náà ń mí. Ní ẹ̀gbẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ihò onífèrèsé kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé sípíkà rédíò ni. Ibẹ̀ ni fáànù ti ń fa atẹ́gùn wọlé, tó ń darí rẹ̀ gba àárín àwọn ìdì 28 kọjá. Nínú àwọn Camry kan, orí pẹpẹ lábẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn ni ihò náà wà, níbi tí àwọn kan ń to tíṣù àti fìlà sí.

Ẹ wá wo awakọ̀ tó pa AC, tó ti wíńdò nítorí eruku, tó ń wa ọkọ̀ nínú ooru. Atẹ́gùn tí bátìrì rẹ̀ ń mí ti kọjá ìwọ̀n 40. Fáànù ń yí kíkankíkan, ṣùgbọ́n atẹ́gùn gbígbóná kò lè tu ohun gbígbóná lára. Epo tó rò pé òun fi pamọ́, bátìrì ló ń san án. AC tó ń mú ẹ́ńjìnì jí lórí afárá Third Mainland, òun náà ni dókítà bátìrì. Wíńdò ṣíṣí sàn ju kí a pa AC kí a sì ti wíńdò lọ, nítorí atẹ́gùn ìta, bó ti gbóná tó, kò tó ti inú ọkọ̀ tí wọ́n sé mọ́lé. Ṣùgbọ́n ní ojú ọ̀nà márosẹ̀, wíńdò ṣíṣí á máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn, eruku náà á sì máa wọlé.

Eruku gan-an ni ọ̀rọ̀ tó burú jù lọ́dọ̀ wa. Mo dúró ti rewáyà kan ní Mókólá, Ìbàdàn, nígbà tó ń tú fáànù Prius kan tí àmì pupa onígun mẹ́ta ti tàn lójú rẹ̀. Ó yọ bọ́ọ̀dù ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, ó tú wáyà, ó fa fáànù náà jáde. Fáànù róbótó ni, abẹ rẹ̀ pọ̀ wọ́ọ́wọ́ọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò lè rí àyè láàárín abẹ kan sí èkejì. Ó fi skrúdíráífà kékeré tọ́ ọ, ìdọ̀tí náà sì ká jáde ní odidi: eruku ọyẹ́ tó ti di dúdú, owú aṣọ, fọ́nrán wíìgì gígùn méjì tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Baba tó ni ọkọ̀ fi ń ṣe takisí. Wọ́n ti fi aṣọ ìjókòó tuntun bo ihò náà láti ìgbà tí wọ́n ti rà á, kí ó má baà dọ̀tí.

“Dádì, bátìrì yìí ò rí atẹ́gùn mí láti ọjọ́ yìí.”

“Ṣùgbọ́n mo máa ń pa AC fún un tí kò bá sí èrò.”

“Ìyẹn ló tún dá kún un, sà.”

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ ayẹ̀wò fi kọ kóòdù P0A80, tó ń sọ pé bátìrì ti tó pààrọ̀. Àwọn ìdì tó wà láàárín ló ti rẹ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ ló sì sábà máa ń rí: àwọn tó wà létí ní ibi tí ooru wọn lè gbà jáde, èyí tó wà láàárín kò ní, ọmọnìkejì rẹ̀ ń gbóná ní ọ̀tún, òmíràn ń gbóná ní òsì. Nítorí pé wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ọ̀wọ́ kan, iná kan náà ló ń gba ara gbogbo wọn kọjá. Èyí tí agbára rẹ̀ ti dín á kọ́kọ́ ṣófo, àwọn yòókù á sì máa fi ipá fa iná gba ara rẹ̀. Ó ń gbóná sí i, ó sì ń kó bá aládùúgbò rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ rewáyà á yọ ìdì méjì tó kú, wọ́n á fi tòkunbọ̀ méjì rọ́pò rẹ̀, ọkọ̀ á sì lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ta ọkọ̀ náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó dáa fún yín, kò dáa fún ẹni tó máa rà á. Àwọn 26 tó kù ti jọ jẹ ìyà kan náà. Òmíràn nínú wọn á tún dákú kó tó pẹ́. Ẹ rántí pé ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́jọ tàbí máìlì 100,000 ni Toyota fi ṣe onígbọ̀wọ́ bátìrì àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí; ní California àti àwọn ìpínlẹ̀ tó ń tẹ̀ lé òfin rẹ̀, ọdún mẹ́wàá tàbí 150,000. Ọ̀pọ̀ tó ń dé èbúté wa ti kọjá méjèèjì.

Àwọn háíbírìdì tuntun tó ń lo lítíọ́ọ̀mù náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Nínú tiwọn, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan máa ń hù lára apá kan sẹ́ẹ̀lì, ooru ń mú un nípọn kíákíá, bó ti ń nípọn ló ń jẹ lítíọ́ọ̀mù tó yẹ kó máa gbé iná. Ọ̀nà yàtọ̀, ibi tí wọ́n ń lọ kò yàtọ̀. Bátìrì kékeré fólítì 12 tó ń tan kọ̀ǹpútà náà máa ń tètè kú nínú ooru, àwọn kan sì ti ra bátìrì ńlá nígbà tó jẹ́ pé kékeré ló ṣàìsàn. Ẹ yẹ ìyẹn wò kí ẹ tó ta ilẹ̀.

Bí AC háíbírìdì bá bàjẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe AC danfo fi ọ́ìlì danfo sínú rẹ̀. Iná fólítì gíga ń gba inú kọ́ńpúrẹ́sọ̀ yẹn kọjá, ọ́ìlì tirẹ̀ sì jẹ́ irú tí kì í jẹ́ kí iná jò. Ọ́ìlì tó wà fún kọ́ńpúrẹ́sọ̀ oníbẹ́líìtì lè ba ìdáàbòbò wáyà inú rẹ̀ jẹ́, ọkọ̀ á rí i pé iná ń jò, á sì kọ̀ láti tan. Kọ́ńpúrẹ́sọ̀ tuntun ló kù.

Ní ti fáànù, ẹ ṣí i wò kí ọyẹ́ tó dé, kí ẹ sì tún ṣí i wò lẹ́yìn ọyẹ́. Àwọn ọkọ̀ kan ní asẹ́ lẹ́nu ihò, àwọn kan kò ní, kò sì sí èyí tí kì í dí. Ìdánwò tó rọrùn wà fún un: lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn pẹ́ nínú ooru, ẹ mú tíṣù fẹ́lẹ́ kan sún mọ́ ihò náà kí ẹ wò ó bóyá á fà á. Ṣùgbọ́n fáànù nìkan ni kí ẹ fọwọ́ kàn. Wáyà aláwọ̀ ọsàn tó lọ sínú bátìrì, fólítì 200 ló wà nínú rẹ̀, èyí tó lè pa èèyàn. Rewáyà tó mọ iṣẹ́ á pa ọkọ̀, á gbé kọ́kọ́rọ́ jìnnà, á yọ orí bátìrì kékeré, á fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà yọ púlọ́ọ̀gì ààbò aláwọ̀ ọsàn tó wà lára bátìrì ńlá, á fi sínú àpò ara rẹ̀, á sì lọ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí iná tó kù nínú ìnfátà tó jò tán. Bí tiyín kò bá jókòó, ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.